Ibà Kì í Júbà Àgbà

Ọkùnrin kan wà ní abúlé orí òkè, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn ráyè gbé. Títí ó fi di baba ọlọ́mọ mẹ́ta, ibà kò dá a dùbúlẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ dàgbà lórí òkè náà, kò mọ ibà rárá.

Ọjà ìsàlẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti gbọ́n, tàbí kí n kúkú sọ pé ibẹ̀ ni ó ti gọ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ ta ata, ó máa ń rí i pé àwọn ọmọdé ni ibà ń pa níbẹ̀. Àwọn àgbà á gbọ̀n díẹ̀, wọn á sì dìde lọ sóko. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ kan gun òkè bọ̀: "Ibà ń júbà àgbà." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, gbogbo abúlé sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kan, òjò rọ̀ kọjá ààlà, ooru sì mú lórí òkè bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ni. Ẹ̀fọn gun òkè. Nọ́ọ̀sì kan náà gun òkè, ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n ẹ̀fọn méjì, ó ní kí tọmọdé tàgbà máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ta ọ̀kan sórí ẹní àwọn ọmọ. Èkejì ni ó fi bo ibi tí ata rẹ̀ ti ń hù, kí adìyẹ má bàa tú u.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, àwa ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, ṣé ọmọdé ni ọ́ ni?"

Kò pé oṣù kan, ara obìnrin náà ń gbóná, ó ń gbọ̀n. Ọkọ ní iṣẹ́ oko ni, kí ó sinmi. Ní ọjọ́ kẹta, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Wọ́n gbé e, ó di ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ni ó kú sí. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n sùn lábẹ́ àwọ̀n kò ṣàìsàn.

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Àwọn àgbà ìsàlẹ̀ ti ń bá ibà jìjàkadì láti kékeré, ara wọn ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará òkè kò bá a pàdé rí. Lójú ibà, ọmọ ọwọ́ ni gbogbo yín."

Ọkùnrin náà ká àwọ̀n kúrò lórí ata, ó fọ̀ ọ́, ó ta á sórí ibùsùn. Apá kan ni ó ń sùn sí títí di òní.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ewú orí rẹ kọ́ ni apata. Ìjà tí o kò jà rí, má ṣe fi agbára ẹlòmíràn fọ́nnu sí i. Mo rí àwọ̀n lára ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ nígbà tí mò ń bọ̀, ìyàwó rẹ sì ń gbọ̀n nídìí ààrò. Dìde, gbé e lọ sílé ìwòsàn.