Ẹni Tó To Ẹsẹ̀ Ni í Wo Ìrìn

"Ẹni tó to ẹsẹ̀ ni í wo ìrìn." Òwe yìí kò ṣòro pa, a sì máa ń fi gún ara wa lára dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ má wulẹ̀ wo òkè. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló bí i, ìtìjú ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

Adéwùsì ni ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Bàbá Oyèkàn, tí eegun títò jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn, ló gbà á sílé. Bí àṣà wọn, Bàbá dá adìẹ kan lẹ́sẹ̀, ó to ti adìẹ, ó to ti ọmọ. Nígbà tí adìẹ ti ń sáré kiri àgbàlá, ìyá Adéwùsì ní kí òun máa mú ọmọ òun lọ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní eegun ti so lóòótọ́, àmọ́ ìrìn kò tíì tọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò ní kí ọmọ náà máa rìn bọ̀ wá bá òun, títí ìrìn náà fi gún.

Ẹ wo bí inú Adéwùsì ti dùn tó nígbà tí Bàbá gbé ọkọ̀ tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un wá. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ń dún, ó sì ṣì wà lábẹ́ wọ́ránti, ìlérí ilé-iṣẹ́ pé àwọn ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Adéwùsì tú ṣọ́ọ̀kù àti àwọn irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi tuntun sí i. Ó wá ku aláìnmẹ́ntì, kí wọ́n to táyà kí wọ́n lè kọjú síbi kan náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń fọ ọwọ́.

"Adé, ṣé ó ti tán? Wọ́n ní tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ mọ́tò, wọ́n máa ń ṣe aláìnmẹ́ntì sí i."

"Kò pọn dandan, Bàbá. Wọ́ránti ò tiẹ̀ kan ìyẹn. Tó bá ń fà, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe é níta."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ."

Irọ́ méjì ló pa. Ó pọn dandan, wọ́ránti sì kàn án, nítorí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe ló da ìtò táyà náà rú. Àdúrà Bàbá ta á lára, síbẹ̀ ó jẹ́ kó wakọ̀ lọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà padà wá. Ẹ̀gbẹ́ kan táyà ti jẹ tán, ó bẹ́ ní kọ́nà, ọkọ̀ sì wọgbó. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wọ́ ọ wá, pẹ̀lú ọwọ́ tó dá, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ dì. Adéwùsì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Dákẹ́ ná," ni Bàbá wí. "Lọ sẹ́nu géètì yẹn, kí o máa rìn bọ̀ wá bá mi."

Adéwùsì rìn níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ gún régé, òun gan-an ló sì ń pa á. Ojú tì í débi pé ó wù ú kó tiro.

"Ó gún," ni Bàbá wí. "Èmi tí mo to ẹsẹ̀ yìí, mo jókòó wo ìrìn rẹ̀. Ta lo fi ìrìn ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún?"

Adéwùsì dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì kún. Lọ́jọ́ tó tún ọkọ̀ náà ṣe tán, tòun ti aláìnmẹ́ntì, ó gbé àga fún Bàbá sẹ́nu géètì, ó sì wa ọkọ̀ náà bọ̀ wá bá a, kó lè wò ó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ dé ìdajì, tó ní ìyókù kò kan òun. Adéwùsì nìkan ni kì í pa á. Bí wọ́n bá pa á lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò.