Òkété Tó Ń Tọ́ Oúnjẹ Ọba Méjì Wò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó kọjá lórí odò, ó kan Ọba Àgbò, ó kan Ọba Òbúkọ, ó wá já lu Òkété ẹlẹ́nu dídùn.

Ní ìgbà kan rí, odò kan wà láàárín ìlú Àgbò àti ìlú Òbúkọ. Ìjà wọn ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé kò mọ ohun tó fà á. Bí ará ìlú Àgbò bá yọjú sétí odò, àwọn Òbúkọ á pariwo lódìkejì pé, "Olóríkunkun!" Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ lọ wẹ̀, onírùngbọ̀n tó ń rùn!" Kò sẹ́ni tó ń sọdá.

Àfi Òkété. Òun ló ń bá ọba méjèèjì jẹ́ iṣẹ́. Bí Ọba Àgbò bá fi ẹ̀pà ránṣẹ́ pé kí ìjà parí, Òkété á jẹ ẹ́ tán lọ́nà, á wá sọ fún Ọba Òbúkọ pé, "Kábíyèsí, wọ́n tún bú yín o!" Bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ, tó ń sanra.

Ṣùgbọ́n Yèyé Àgùntàn, tó jẹ́ ìyá Ọba Àgbò, ní ọmọbìnrin kan, Awẹ́ró, tó ti há sódìkejì odò láti ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Yèyé lọ sétí odò fúnra rẹ̀. Ó lọgun:

"Òbúkọ o! Mo ti darúgbó! Mo fẹ́ rí ọmọ mi!"

Ọba Òbúkọ gbọ́. "Yèyé, ẹ jẹ́ ká pàdé lórí erékùṣù tó wà láàárín odò lọ́jọ́ ọjà, ká jọ jẹun! Màá mú un wá!"

Òkété gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. "Táwọn wọ̀nyí bá rẹ́, kí ni màá máa jẹ?" Ó sáré tọ Ọba Àgbò lọ. "Kábíyèsí, májèlé ni wọ́n fẹ́ fún yín jẹ. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́ oúnjẹ wò." Ó sọdá, ó sọ ohun kan náà fún Ọba Òbúkọ. Àwọn méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ọjọ́ ọjà pé. Erékùṣù kún fọ́fọ́. Àkàrà ń gbóná, dùndú ń ta sánsán.

"Ẹ dúró!" ni Òkété wí. Ó bu àkàrà sẹ́nu. "Kò tíì dá mi lójú." Ó tún bù ú. Ó bọ́ sídìí dùndú, ó bọ́ sídìí ẹ̀pà. Èyí tí kò lè gbé mì, ó kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tọ̀la nìyẹn.

"Òkété, ṣé ó dáa?" ni àwọn ọba bi í.

Òkété di ẹnu pọ̀. Bó bá là á, àṣírí tú.

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe wú!" ni Ọba Àgbò ké. "Ẹ ti pa ìránṣẹ́ mi!"

"Ìránṣẹ́ ta ni? Tèmi ni! Ẹ̀yin lẹ pa á!"

Ìwo kọjú sí ìwo. Ẹsẹ̀ ń ta eruku. Yèyé Àgùntàn já wọ àárín wọn.

"Ẹ fara balẹ̀! Mo ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Mo mọ ẹnu ọmọ tó jí ẹran ọbẹ̀." Ó yíjú sí Òkété. "Òkété, o kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Mmm."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn nílé yín nìyẹn? Mo ní, o kú ọjọ́ mẹ́ta!"

"Mmm-mmm."

Yèyé fi pátákò méjèèjì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Pàù! Àkàrà fò jáde. Dùndú tẹ̀ lé e. Ẹ̀pà tú dà sílẹ̀ yàà!

"Májèlé dà?" ni Yèyé bi wọ́n.

Ọba Òbúkọ wo Ọba Àgbò. "Ó ní ẹ fẹ́ pa mí."

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn! Gbogbo ẹ̀pà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?"

"Ẹ̀pà wo?"

Háà! Kí wọ́n tó yíjú padà, Òkété ti gbẹ́ ihò, ó ti kó wọnú rẹ̀. Títí dòní, kì í fẹ́ kí ojúmọ́ bá òun níta.

Ni Awẹ́ró bá bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi àwọn Òbúkọ. "Ìyá mi!" Yèyé dì mọ́ ọn, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀. Ọba Àgbò fọwọ́ ara rẹ̀ mú àkàrà Ọba Òbúkọ, ó gé e jẹ. Ó mi orí.

"Ẹ̀yin ará òdìkejì odò, iyọ̀ rẹ̀ mà pọ̀ o!"

"Ẹ wá mu omi wa lé e," ni Ọba Òbúkọ dáhùn. Gbogbo erékùṣù bú sẹ́rìn-ín.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbà: ìlú méjì tó bá fẹ́ rẹ́, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ rán ẹni tó ń tinú ìjà wọn jẹun.