Erin Kó Oyin Ìlú Mẹ́ta Jọ Sẹ́yìnkùlé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò sókè, ó balẹ̀ gbì sórí Erin, ọba igbó.

Erin fọ́nnu pé, "Ẹ kó gbogbo kòkòrò oyin Odò Ìyeyè, Òkè Iṣin àti Àbà Àgbálùmọ̀ wá sẹ́yìnkùlé mi. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, oyin yóò ṣàn bí odò!"

Lọ́dún kìíní, ó ṣàn lóòótọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọba. Lọ́dún kejì, òdòdó ẹ̀yìnkùlé ò káárí mọ́. Ogún oyin ń jà lórí òdòdó kan. Ìyá Oyin bá forin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Erin, dá wa padà sílé,
*Jàlànkátó!*
Òdòdó ń rọ láìrí wa,
*Jàlànkátó!*

Erin jágbe: "Ọ̀lẹ! Ẹ ṣiṣẹ́ jàre!"

Ọ̀lẹ kẹ̀, ẹ̀yin ọmọ? Ẹni tó tò látàárọ̀ di ọjọ́rọ̀ kí iṣẹ́ tó kàn án, ta ló sọ ọ́ dọ̀lẹ?

Lọ́dún kẹta, ebi èso lé Erin dé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyeyè ò so. Iṣin ò so. Àgbálùmọ̀ tanná, ó rẹ̀ dànù, torí kò sí oyin tó bà lé e. Ehoro arúgbó tó ṣẹ́kù sí Àbà Àgbálùmọ̀ ò tiẹ̀ kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ máa lá oyin yín lọ. Èso ti bá àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ."

 Erin padà sílé, ó gbé ilé oyin kan rù, ó kọrí sí Odò Ìyeyè. Oyin ń ta á létí; kò gbọ́wọ́ ìjà sókè.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ yà fún un. Ó ku ìlú méjì.