Iná Iwájú Tó Dá Ọ̀gá Dúró

Ọgbọ́n kì í wọ aṣọ ìjọba kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ bi Òjélàbí awakọ̀ léèrè. Kúpolúyì, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní oríta Ayégún, dá ògbólógbòó lọ́rì Òjélàbí dúró tòun ti ẹrù tòmátò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ní: "Iná iwájú rẹ funfun bí omi ògì. Kí n tó jẹyán mi tán, kí méjèèjì mọ́ gaara! Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ bá fọ́jú kò ní kúrò níbí, ìbáà jẹ́ ti bàbá mi!" Gbogbo èrò gbọ́ ọ. Bó ti wọlé lọ jẹun, Òjélàbí kó sáńpépà, omi àti ọṣẹ ìfọyín, ó kọjá lọ́rì tirẹ̀, ó di iwájú ọkọ̀ ọ̀gá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí iná tiẹ̀ ṣú ju ti lọ́rì lọ! Ó ha ti ọ̀tún, ó fi ọṣẹ ra á, ó nù ún, ló bá ń dán yinrinyinrin. Kò fọwọ́ kan tòsì. Nígbà tí Kúpolúyì jáde, ọkọ̀ rẹ̀ la ojú kan, ó di èkejì, èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Ó jágbe: "Ṣé orí rẹ pé? Parí èkejì kíá!" Òjélàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ ti jẹyán tán, àsìkò ti lọ. Ẹ ní ọkọ̀ tí iná rẹ̀ fọ́jú kò ní kúrò níbí. Tiyín rèé, tèmi rèé, ẹ jẹ́ ká jọ tẹ́ ẹní sùn síbí." Èrò hó yèè! Kúpolúyì ju kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ká apá aṣọ sókè: "Mo fi àsìkò kún un! Sáńpépà dà? Ìwọ mú ti lọ́rì, kí n mú tèmi!"