Ẹtu Olùkọ́ Eré àti Abọ́ Kejì Òkété

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi sáré fìrì, ó wọ igbó, ó já sí ẹsẹ̀ Ẹtu tó ń kọ́ àwọn ẹranko ní eré sísá.

Àparò ló kọ́kọ́ sọ fún Ẹtu pé àwọn ọdẹ ti ra ajá tuntun, ajá tí kì í rẹ̀. Inú Ẹtu dùn. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó oko rẹ̀, kò sí iṣu kan nílé, omi lásán làwọn ọmọ rẹ̀ ń mu sùn. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó sanra á wá kọ́ eré. Iṣu kọ̀ọ̀kan lowó ẹ̀kọ́."

Wọ́n wá lóòótọ́. Ẹtu wò wọ́n títí. "Ẹ wo ikùn bí ìkòkò aró. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu, ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan èkùrọ́."

Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Olùkọ́, kí la ó wá máa jẹ?"

"Ẹ máa jẹ ìtìjú."

Lọ́jọ́ kejì, pápá dá páro. Òkété nìkan ló padà wá, torí òun ti san iṣu tirẹ̀, kò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ó sáré, ó sáré, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ṣì rí rọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹtu ní ojúkòkòrò ló ń dà á láàmú. Ó tẹ̀ lé e délé nírọ̀lẹ́ kó lè ká a mọ́ ìdí abọ́. Abọ́ méjì ló bá níwájú rẹ̀. Ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Abọ́ kan tèmi o,
Tẹ́rẹ́ńtẹ́.
Abọ́ kan tọkọ mi,
Tẹ́rẹ́ńtẹ́.
Ọkọ ò sí nílé mọ́,
Tẹ́rẹ́ńtẹ́.
Oúnjẹ ò ṣeé dànù,
Tẹ́rẹ́ńtẹ́.

Pàkúté ló pa ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sebẹ̀ fún ẹnì kan. Èébú tí Ẹtu kó wá, kò ríbi sọ ọ́ sí. Ó jókòó.

"Ìyá, ṣé ebi abọ́ kejì ń pa yín ni?"

"Rárá. Àkọ́kọ́ ti yó mi."

"Kí lẹ wá ń jẹ ẹ́ fún?"

"Ta ni kó jẹ ẹ́? Ìwọ?"

Ẹtu ronú. "Ẹ máa sè é lọ. Ẹ máa gbé ti bàbá fún Àparò, ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ tiyín yó."

Bẹ́ẹ̀ ni Òkété ṣe. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, eré rẹ̀ ń yá. Lọ́jọ́ tí ajá dé, ó lé e kìtìkìtì. Òkété wọ ihò fìrì, ajá bu iyẹ̀pẹ̀ jẹ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ẹranko tò sẹ́nu ọ̀nà Ẹtu. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣíwájú, iṣu wà lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní o ti ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ báyìí."

"Jókòó. Ìgbà wo loúnjẹ máa ń wù ọ́ jù?"

"Bí wọ́n bá bú mi."

"Ta ló bú ọ kẹ́yìn?"

"Ìwọ ni."

Ẹtu dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó gba iṣu. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó tún dáná nílé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Àparò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé, ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn tún ara ṣe, kó kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ń jẹun. Èébú kì í pe oníbàárà.