Pèrègún Ẹ̀yìnkùlé Látúnjí

Ní ìlú Ìgbóọ̀pá, opó kan wà tí ń jẹ́ Mọ́ríyeba. Kò sí ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá ní òjò ń bọ̀, wọn a ní kí ó lọ pa irọ́ fún ewúrẹ́. Ní ọjọ́ tí ó figbe bọnu pé ejò bu ọmọ òun jẹ, wọ́n rọra ń bọ̀ ni. Kí wọ́n tó dé, ọmọ ti dákẹ́.

Látúnjí, aládùúgbò rẹ̀, ló sọ ọ́ di òpùrọ́. Nígbà tí ọkọ Mọ́ríyeba kú, obìnrin náà ké jáde pé Látúnjí ti gba ìdajì ẹ̀yìnkùlé àwọn. Àwọn àgbà wá wo ààlà. Ẹ̀bá ògiri Mọ́ríyeba ni wọ́n ti bá pèrègún tí í ṣe àmì ààlà; gbogbo ibi tí obìnrin náà nawọ́ sí pé ibẹ̀ ni ààlà wà, igi làpálàpá ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn tí iyán Látúnjí ṣì wà lọ́fun wọn ni wọ́n dájọ́ náà. Wọn ò tilẹ̀ tú ìdí pèrègún wò, wọ́n ní irọ́ ni Mọ́ríyeba ń pa.

Ogún ọdún kọjá. Látúnjí fẹ́ ìyàwó kékeré kan, Àyọ̀ká, ọmọ àgbẹ̀ láti ìlú mìíràn. Àyọ̀ká ní òun fẹ́ ṣán làpálàpá náà, kí òun gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó ṣe é. Irọ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó pa á gan-an a máa gbàgbé pé irọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣán an. Kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan nínú rẹ̀. Oje làpálàpá gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọṣẹ ò sì ràn án. Ó kọ ebè, ó gbin ilá, òjò kan rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ilá kò tíì yọ, ṣùgbọ́n pèrègún méje ti yọrí láàárín ebè, wọ́n tò gbọọrọ bí ènìyàn tí ń lọ síbì kan. Ó já gbogbo wọn dànù. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún ti dé, wọ́n ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ ewé wọn ń mì.

Àyọ̀ká gbé ọkọ́, ó tú ìdí ọ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn bí apá, ojú àdá àtijọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ẹnìkan ti gé e tipẹ́, kò hú u. Lábẹ́ rẹ̀, èédú. Ó tú ìkejì, èédú. Nílé bàbá Àyọ̀ká, bíi ti Ìgbóọ̀pá náà, bí wọ́n bá ń pààlà, wọn a kọ́kọ́ ri èédú mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbin pèrègún lé e, torí èédú kì í jẹrà.

Látúnjí bá a níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ padà sórí èédú náà.

"Hú wọn dànù, kó o panu mọ́. Ó ti pé ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti kú."

"Olówó orí mi, òkú kì í hu ewé."

Látúnjí ní bí ó bá sọ ọ́ síta, kí ó di ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Àyọ̀ká wo ọwọ́ rẹ̀ tó pọ́n. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Mọ́ríyeba lọ, láti ibẹ̀ ó lọ pe àwọn àgbà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Mọ́ríyeba ń fọwọ́ kan pèrègún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ baba ọkọ rẹ̀ tó gbìn wọ́n. Wọ́n tú ìdí méjèèje, èédú ni. Wọ́n tú ìdí ti ẹ̀bá ògiri, erùpẹ̀ lásán.

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà náà ní, "Ìyá, ilẹ̀ yín rèé. Ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́."

Mọ́ríyeba ò wojú rẹ̀. "Ẹ lọ sọ ọ́ létí sàréè ọmọ mi."

Wọ́n lọ. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́, Látúnjí ló sọ kẹ́yìn. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.