Aláyò tí Wọ́n Pè ní Olójòóró

Ọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Télọ̀ ni, télọ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú; kì í wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Àrùn kan ló kọ́kọ́ mú ojú ọ̀tún, kò sì pé ọdún méjì tí ó fi mú tòsì. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó jókòó sílé.

Ó fara da òkùnkùn. Àánú àwọn ènìyàn ni kò lè fara dà. Gbogbo ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀. Tí ó bá dá sí ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí, kíá ni wọ́n á gbà fún un, ì báà jẹ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu ni ó sọ. Ọkùnrin tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn látìgbà èwe rẹ̀ kò rí ẹni bá jiyàn mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti ń bá a dù ú. Orí fóònù ni, láàárín àwọn aláyò. Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn kan wà nílé, àwọn kan wà lókè òkun. Ìwọ náà ti rí irú rẹ̀: ọpọ́n á yọ lójú fóònù, ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ilé tí o bá fẹ́ ta ni wàá tẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ á sì máa pín ọmọ ayò kiri.

Báwo ni afọ́jú ṣe ń ta á? Ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin yìí kò mọ ayò ta títí di òní olónìí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ka ojú ọpọ́n sókè, ilé kan tẹ̀ lé èkejì. Á ní, “Tiwa: mẹ́rin, òfo, méjì, ọ̀kan, méje, òfo. Tiwọn: mẹ́ta, mẹ́ta, òfo, márùn-ún, ọ̀kan, méjì.” Kí ó tó kà á tán, ọpọ́n ti pé lórí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà á ní, “Ìkarùn-ún.” Ìyàwó á tẹ ìkarùn-ún, ọmọ ayò márùn-ún á sì wọlé. Ó parí.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ẹgbẹ́. Télọ̀ ni orúkọ tí ó ń jẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń bú u dáadáa, bí aláyò ṣe ń bú ara wọn. Wọ́n á kọ ọ́ pé, “Télọ̀, ọ̀pẹ ni ẹ́, lónìí la máa tú ojú rírán rẹ.” Ìyàwó rẹ̀ á ka èébú náà fún un, ọkọ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èébú yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Láàárín ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń ṣàánú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní adájọ́ kan, ẹni tí ó ń bójú tó ìdíje ọdọọdún. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni, ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Lọ́dún yẹn, ọwọ́ ti tẹ àwọn méjì tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn ro ayò, adájọ́ sì ti pinnu pé ẹ̀kẹta kò ní í kọjá lára òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Fóònù máa ń kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ènìyàn lò kí ó tó ta.

Ó rí ohun kan lára Télọ̀. Méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Kì í dín, kì í lé. Ibi tí ó le, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí kò sí ohun tí ènìyàn ń rò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara máa ń pẹ́ níbi tí ó le, a sì máa yára níbi tí ó rọrùn. Adájọ́ ní, “Ẹ̀rọ nìyí.” Ìṣirò rẹ̀ kò burú. Ohun tí ó fi ìṣirò náà ṣe ló burú.

Ó kọ ọ́ síta lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé kí Télọ̀ ya fídíò ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń ta ayò, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ hàn, kí ó fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Télọ̀ ní kí ìyàwó òun fèsì. Èsì náà kò gùn. “N kò ṣe òjóró. N kò lo ẹ̀rọ kankan. N kò sì ní í ya fídíò.”

O mọ ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló ń fi pamọ́?

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá Títílọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì ti tán.”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyá Títílọlá, tí o bá sọ fún wọn, àwọn náà á di ará ilé. Wọ́n á máa rọra bá mi sọ̀rọ̀. Kí wọ́n pè mí ní olójòóró.”

Ọjọ́ mẹ́ta pé. Adájọ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwọn tí Télọ̀ ti nà rí ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn tí wọ́n ń bá a ṣeré ní àná kò bá a ṣeré mọ́. Ọkùnrin náà kò béèrè fóònù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ àárọ̀ síwájú rẹ̀, á ní ebi kò pa òun.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ìyàwó rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní kí àwọn ta ẹyọ kan pẹ̀lú fóònù fúnra rẹ̀, láìbá ẹnikẹ́ni díje, kí ọkàn fúyẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbà. Bí wọ́n ti ń ta á, ìyàwó fi fóònù kejì gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí adájọ́ láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e ju pé, “Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà.”

Adájọ́ gbọ́ ọ. Tiwa, tiwọn, òfo, ọ̀kan, méjì, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan tí ó ń pe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ó mú aago, ó wọn kíkà obìnrin náà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún. Ó tún wọn ọ́n. Mẹ́tàlélógún.

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo àkọsílẹ̀ gbogbo ayò tí Télọ̀ ta lọ́dún náà. Ọgọ́ta ni. Wọ́n nà án nínú mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń nà ní ìgbà mẹ́tàdínlógún? Àkọsílẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ká ní ó wò ó ni, kì bá tí béèrè ojú ẹnikẹ́ni, kì bá tí béèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ojú tì í gidigidi, ó sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kíákíá. Ó fi ohùn tọkọtaya náà síta fún gbogbo ẹgbẹ́, ó tọrọ àforíjì, ó ní afọ́jú ni ọkùnrin tí àwọn fi ẹ̀sùn kàn. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣe é. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn gbọ́ ọ. Wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó padà wá. Kò sí ẹyọ èébú kan nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe, kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fà sí ayò. Ó ní kí ó gbé fóònù wá. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dojú kọ ọ́ ni adájọ́.

Mo ti ń pè é ní adájọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. Èmi ni. N kò fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣàánú mi kí o tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, torí ẹ̀ ni n kò fi sọ ọ́.

A bẹ̀rẹ̀ ayò. Nígbà tí ó dé àárín, mo ní ibi tí mo lè gbà jẹ ọmọ ayò púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ilé méjì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn sílẹ̀ ní gbangba kí ó lè rí nǹkan jẹ. Inú mi dùn sí ara mi. Mo jókòó, mo ń retí pé kí ó jẹ wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun ka ọpọ́n fún ọkọ òun, ọkọ sì ní kí òun tún un kà. Òun tún un kà. Ọkọ béèrè pé, “Ṣé adájọ́ ló ta á báyìí?” Òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ ní, “Pa fóònù.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó ní kí ìyàwó òun kọ èyí sí mi: “Nígbà tí ẹ pè mí ní olójòóró, ẹ ṣì gbà pé mo lè nà yín. Lónìí, ẹ kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Kò bá ẹnikẹ́ni ta ayò láti ìgbà náà. Mo ti lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó máa ń gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, á ní kí wọ́n gbé àga fún mi, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Kò bú mi rí. Ó dùn mí ju bí ó bá bú mi lọ.

Ó wá ku ìwọ. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, mo mọ̀ ọ́ ní ọmọ tí kì í purọ́, kò sì yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé. O ti ka lẹ́tà tó wà nínú àpò rẹ sí mi létí, èyí tí o kọ sí olùkọ́ kan tó wà lábẹ́ rẹ. O ní àwọn ọmọ tí olùkọ́ obìnrin yẹn ń kọ́ ní ìṣirò yege ju bí o ṣe retí lọ, o sì rò pé òun ló fi ìbéèrè hàn wọ́n. O ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń gbàyè jáde, kò sì sọ ibi tí ó ń lọ. O béèrè, ó ní òun kò fi ìbéèrè han ọmọ kankan, ó sì dákẹ́. O wá kọ ọ́ pé kí ó dìde lọ́jọ́ Ajé, kí ó sọ ibi tí ó ń lọ lójú gbogbo olùkọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ìwọ náà ní, kí ló ń fi pamọ́?

Ènìyàn máa ń fi ẹ̀bi pamọ́, mo gbà. Ó sì máa ń fi ohun tí ó fi ń gbé orí rẹ̀ sókè láàárín ẹgbẹ́ pamọ́. Láti ìta, o kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Èmi tí mo dàgbà jù ọ́ lọ kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

N kò sọ pé obìnrin náà kò jẹ̀bi. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò àwọn ọmọ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, o kò sì tíì ṣí i. Lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣì í. Kọ ìbéèrè tuntun lọ́wọ́ ara rẹ, kí wọ́n ṣe é lójú rẹ. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, o ti rí olójòóró rẹ nìyẹn, má sì ṣàánú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ rẹ̀, fi sílẹ̀ fún un. Tí o bá fi tipá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, tí ó sì dá a láre, o kò ní í rí i dá padà fún un. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa dá ti Télọ̀ padà.